Ohun tí àwo ara mọ́tò oníná ń sọ, àti ibi tí iná tí ẹ sanwó rẹ̀ ń gbà lọ

Kò sí ará Èkìtì tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ pé kì í ṣe gbogbo iṣu tó wọ ilé ló ń di iyán. Èèpo á lọ, orí á lọ, ibi tó bá rà á lọ, èyí tó kù la ń gún. Bí iná ṣe rí nínú mọ́tò náà nìyẹn. Èyí tó gba inú mítà wọlé ni odindi iṣu. Èyí tó dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí ni iyán. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara mọ́tò, ì báà jẹ́ 1.5 kW, ì báà jẹ́ 5.5 kW tàbí 2 HP, iyán ló ń kà fún yín. Kò sọ iye iṣu tí ẹ máa rà.

Mọ́tò oníná ni mo ń wí o, èyí tó ń yí ẹ̀rọ ata, ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ ìrẹsì àti pọ́ńpù omi, kì í ṣe ọkọ̀ ojú títì.

Ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò fún ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ á rí 5.5 kW lára rẹ̀, á sì rò pé yúnìtì 5.5 ni mítà òun yóò máa kà ní wákàtí kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. 5.5 kW ni agbára tí mọ́tò ṣèlérí láti gbé lé ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tí púlì jókòó lé. Kó tó lè gbé e débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fà ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ara wáyà. Ìdá tó dé ṣáàfù nínú gbogbo ohun tó fà ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní efficiency. Lára àwo, ẹ lè rí i bí Eff, tàbí bí η, lẹ́tà àwọn Gíríìkì.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú ọ̀rọ̀ họ́sì kúrò lọ́nà. Họ́sì kan jẹ́ wáàtì 746. Nítorí náà 1 HP jẹ́ 0.75 kW, 2 HP jẹ́ 1.5, 3 HP jẹ́ 2.2, 5.5 HP jẹ́ 4, 7.5 HP jẹ́ 5.5, 10 HP jẹ́ 7.5, 15 HP jẹ́ 11, 20 HP sì jẹ́ 15. Bí wọ́n bá kọ PS tàbí CV sí i, họ́sì ti àwọn ará Yúróòpù nìyẹn, wáàtì 735.5 ni, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Bí kW àti HP bá wà lára àwo kan náà, kW ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jókòó ti àwo kan. Mọ́tò oníféèsì mẹ́ta ni. Ohun tó wà lára rẹ̀ rèé: 5.5 kW; 400 V Δ / 690 V Y; 11.3 A; 50 Hz; cos φ 0.83, 1440 r/min, S1, Ins. Cl. F, IP55, IE1, 84.7%.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Ẹ fi 0.847 pín 5.5, ẹ ó rí 6.49. Ìyẹn ni pé kílówáàtì 6.49 ló ń wọlé kí 5.5 tó lè jáde. Ibo ni 0.99 tó kù gbà? Ooru ló dà. Ó dà bí ìgbà tí ẹ ti ayọ́ọ̀nù iná oníwáàtì 1000 bọ inú irin mọ́tò yẹn, tó ń jó níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ẹ fi palẹ̀ mọ́. Apá kan ooru náà ń wá láti inú kọ́ìlì bàbà tí iná ń gbà kọjá, apá kan láti inú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tò pọ̀ ṣe inú rẹ̀, apá kan láti inú irin tó ń yí láàárín, díẹ̀ tó kù sì jẹ́ ti bẹ́ríǹgì àti fáànù ẹ̀yìn.

Ẹ lè fi ámpù yẹ̀ ẹ́ wò. Fún oníféèsì mẹ́ta: 1.732 lọ́nà fóòtì, lọ́nà ámpù, lọ́nà cos φ. 1.732 × 400 × 11.3 × 0.83 jẹ́ bí 6,500 wáàtì. Ẹ tún fi 0.847 lọ́po ìyẹn, ẹ padà sí 5,500. Àwo tó jẹ́ òótọ́ máa ń bára mu báyìí. Fún oníféèsì kan, ẹ yọ 1.732 kúrò, ìyókù kò yí padà.

Cos φ yẹn, ìyẹn ìdá tó ń ṣe iṣẹ́ gidi nínú gbogbo ohun tí wáyà ń gbé (power factor), ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá. Bí ẹ kò bá fi 0.83 sí ìṣirò náà, ẹ ó rí 7.8 kVA. Ohun tí wáyà, tiráńsífọ́mà àti jẹnẹrétọ̀ ní láti gbé nìyẹn. Mítà tí à ń ra yúnìtì sí kò ka ìyẹn, 6.5 ló ń kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi 6.5 wá jẹnẹrétọ̀ yóò rí ìṣòro, torí ìbẹ̀rẹ̀ mọ́tò tún le ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá tan mọ́tò yìí tààrà, ó máa ń fa ìlọ́po mẹ́fà sí méje ámpù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìyẹn bí 68 A sókè. Jẹnẹrétọ̀ 10 kVA á kérora, iná á wálẹ̀, mọ́tò kò ní gbéra. Kí jẹnẹrétọ̀ tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kVA mọ́tò, nǹkan bí 20 sí 24 níbí yìí, tàbí kí ẹ lo sítátà star-delta tó ń dín ìfà ìbẹ̀rẹ̀ kù sí ìdá mẹ́ta.

Nípa IE: ìdíwọ̀n àgbáyé fún efficiency ni, IE1 ló rẹlẹ̀ jù. Fún mọ́tò 5.5 kW oní-1500 (ìyípo ní ìṣẹ́jú kan) lórí 50 Hz, IE1 gbọ́dọ̀ tó 84.7%, IE2 87.7%, IE3 89.6%. Mọ́tò kékeré máa ń ṣòfò ju ńlá lọ: 0.75 kW IE1 kò ju 72.1% lọ, nígbà tí 15 kW IE1 jẹ́ 88.7%. Láti oṣù keje ọdún 2021 ni wọn kò ti gba mọ́tò oníféèsì mẹ́ta tuntun tó tó 0.75 kW láàyè lọ́jà àjọṣe ilẹ̀ Yúróòpù bí kò bá tó IE3. Tokunbo àtijọ́ kò ní àmì IE kankan lára, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lásán sọ ọ́ di IE3 fún yín.

Ṣé ó yẹ kéèyàn fi owó kún owó ra IE3? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. IE3 ti 5.5 kW ń fa 6.14, IE1 ń fa 6.49. Ìyàtọ̀ jẹ́ 0.355 kW. Fún ọlọ́ọ̀lọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 25 lóṣù, yúnìtì 71 nìyẹn. Bí yúnìtì bá jẹ́ ₦200 (ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò yín rọ́pò rẹ̀), ₦14,200 lóṣù, ₦170,400 lọ́dún. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yín kì í bá ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, ₦1,775 péré ni lóṣù. Ẹ ra IE1 tó dára, kí ẹ fi owó tó kù ra wáyà tó nípọn.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé ẹrù tó wà lára mọ́tò kún. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: mọ́tò kì í fa agbára torí pé wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé e ló ń pinnu. Ẹ so 5.5 kW mọ́ ẹ̀rọ ata tí kò béèrè ju 2 kW lọ, nǹkan bí 2.4 sí 2.5 ni yóò máa fà. Owó iná kò ní pọ̀ púpọ̀ torí pé mọ́tò tóbi, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti kéré sí ìdá méjì nínú márùn-ún agbára rẹ̀, ìdá tó ń dé ṣáàfù á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, cos φ náà á bà jẹ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹ má fi ámpù nìkan wọn mọ́tò tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Lọ́wọ́ òfo, láìsí bẹ́líìtì, mọ́tò lè fa 30 sí 50% ámpù tó wà lára àwo, síbẹ̀ kí mítà má fẹ́ẹ̀ kà nǹkan kan.

Ewu gidi wà ní òdìkejì. Ẹ gbé iṣẹ́ 5.5 kW fún mọ́tò 4 kW, yóò ṣe é! Á lọ́ra díẹ̀, ẹ̀gẹ́ á máa jáde, gbogbo ènìyàn á sì máa yìn ín. Mọ́tò kò mọ bí a ṣe ń sọ pé ó ti tó. Ó lè gbé ìlọ́po méjì ẹrù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dúró, ooru ló ń fi san gbèsè náà. Class F lára àwo túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n fi bo wáyà kọ́ìlì lè gba 155°C. Class B jẹ́ 130, Class H jẹ́ 180. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ àyíká tí kò ju 40°C lọ, ní ibi tí kò ga ju mítà 1000 sí ìpele òkun. Ti gíga kò kàn wá, pẹ̀lú gbogbo òkè Èkìtì, kò sí ìlú wa tó ga tó bẹ́ẹ̀. Ti 40°C kàn wá gidigidi: inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù, lọ́sàn-án oṣù kẹta, kò jìnnà sí i. Bí ooru kọ́ìlì bá fi 10°C ju ibi tó yẹ lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín kù sí ìdajì.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe ófálóòdù, ohun inú sítátà tó ń gé iná bí ámpù bá pọ̀ jù. Ámpù ara àwo ni kí ẹ yí i sí, 11.3 níbí yìí. Nínú sítátà star-delta tí ófálóòdù jókòó sórí wáyà kọ́ìlì, 0.58 ìyẹn ni, bí 6.6 A. Àṣà kan wà tó ń ba mọ́tò jẹ́ jù: bí ó bá ti ń já, oníṣẹ́ á fi súkúrúdíráfà yí i lọ sí 15. Ófálóòdù ti dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti pa ajá tó ń gbó nígbà tí olè ń bọ̀. Bó bá ń já, ẹ wọn ámpù wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì rẹ̀.

S1 túmọ̀ sí pé ó lè ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. S2 30 min, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, kó sì tutù tán kí ẹ tó tún tàn án. S3 25% túmọ̀ sí pé nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, méjì ààbọ̀ ni kó fi ṣiṣẹ́. Mọ́tò S3 lórí ẹ̀rọ ìrẹsì ní Ìgbẹmọ lásìkò ìkórè kò lè pẹ́, bó ti wù kí kW rẹ̀ pọ̀ tó.

Àwo tó ń parọ́ wà, pàápàá lórí pọ́ńpù àti mọ́tò oníféèsì kan tí kò wọ́n. Wọn kì í mọ irọ́ náà pa délẹ̀. Ẹ wo èyí: wọ́n kọ 3 HP, 230 V, 8 A. Ẹ lọ́po 230 pẹ̀lú 8, ó jẹ́ 1,840 wáàtì. Họ́sì mẹ́ta jẹ́ 2,238. Báwo ni ẹni tó gba 1,840 wọlé ṣe máa gbé 2,238 jáde? Bí a bá tilẹ̀ gbà pé cos φ rẹ̀ jẹ́ 0.95, tí efficiency sì jẹ́ 75%, ohun tó lè dé ṣáàfù kò ju 1,310 wáàtì lọ, kò pé họ́sì méjì. Ìṣirò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí fóònù, ẹ ṣe é níwájú ọlọ́jà. Lórí pọ́ńpù, ẹ tún wo P1 àti P2: P1 ni ohun tó ń fà, P2 ni ohun tó dé ṣáàfù. Àwọn kan ń fi P1 polówó bí ẹni pé P2 ni. Bákan náà, ẹ gbé méjì tó ní kW kan náà wò lọ́wọ́. Èyí tó fúyẹ́ gan-an, irin àti bàbà ni wọ́n dín. Àwọn mìíràn ń fi alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi fáníìṣì pa láwọ̀ bàbà ká kọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ìdènà iná nínú alumíníọ́ọ̀mù tó ìlọ́po 1.6 ti bàbà. Ẹ fi abẹ ha orí wáyà kan díẹ̀ nínú àpótí. Funfun ló máa jáde bó bá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù.

1440 jẹ́ iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan tí ẹrù bá kún. Lórí 50 Hz, 3000, 1500 tàbí 1000 ni iná ń yí, mọ́tò máa ń rẹ̀yìn díẹ̀, ó di bí 2880, 1440, 960. Bí ẹ bá yọ ẹ́ńjìnnì dísù kúrò lára ẹ̀rọ láti fi mọ́tò rọ́pò, púlì ni ẹ máa ronú lé kí ẹ tó ronú lé kW. Ká ní ẹ̀rọ yín ń yí 600, púlì tirẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 12. Ẹ lọ́po 12 pẹ̀lú 600, ẹ fi 1440 pín in: ínǹṣì 5 ni púlì mọ́tò. Bí ẹ bá fi ínǹṣì 8 tó wà nílẹ̀ sí i, ẹ̀rọ á máa yí 960, ó ń béèrè agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ jìnnà, mọ́tò á gbóná, wọ́n á sì ní kW kò tó. Fún fáànù àti pọ́ńpù, ó tún burú sí i: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń béèrè á di ìlọ́po mẹ́jọ.

400 V Δ / 690 V Y. Ọ̀nà méjì tí a lè gbà so kọ́ìlì nìyẹn: Δ ni delta, Y ni star. Ẹ ṣí àpótí orí mọ́tò. Ẹ ó bá bóòtù mẹ́fà ní ìlà méjì: lókè W2, U2, V2, nísàlẹ̀ U1, V1, W1. Irin pẹlẹbẹ mẹ́ta máa ń wà tí wọ́n fi so wọ́n. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ lórí ìlà òkè, star nìyẹn. Bí wọ́n bá dúró lóòró láti òkè wá sísàlẹ̀, delta ni. Lórí iná 400 wa, mọ́tò tí wọ́n kọ 230 Δ / 400 Y sí, star ni ẹ máa so ó. Èyí tí wọ́n kọ 400 Δ / 690 Y sí, delta ni. Ẹ so ti àkọ́kọ́ ní delta, kọ́ìlì tó yẹ kó gba 230 ti gba 400, kò ní pẹ́ kó tó rú èéfín. Ẹ so ti ìkejì ní star, èyí tó ń tan ni jẹ ni: á gbéra, á yí dáadáa lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta agbára ìyípo ló ní. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti wọlé, á lọ́ra, á gbóná, á jó díẹ̀díẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí aago inú sítátà star-delta bá bà jẹ́ tó há sí star. Ẹni tó bá sọ pé mọ́tò òun “kò lágbára mọ́” kó kọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Gbogbo ìlérí inú àwo dúró lórí fóòtì tó pé. Agbára ìyípo ń tẹ̀ lé fóòtì ní ìlọ́po ara rẹ̀: 330 dípò 400 kì í ṣe pé ó dín ní 17%, 68% agbára ìyípo ló kù. Fóòtì tí kò dọ́gba tún burú ju fóòtì tó kéré lọ. Ẹ wọn láàárín féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní ẹ rí 400, 390 àti 365. Àròpín wọn jẹ́ 385. Èyí tó jìnnà jù sí i fi 20 yàtọ̀. 20 nínú 385 jẹ́ 5.2%. Ẹ má tan mọ́tò lórí iná yẹn. Ìyàtọ̀ fóòtì 1% lásán lè fa ìyàtọ̀ ámpù 6 sí 10%.

Bí féèsì kan bá wá lọ pátápátá, bóyá fíúsì kan já lórí òpó, mọ́tò tó ti ń yí kò ní dúró. Méjì tó kù á fa bí ìlọ́po 1.73, ohùn rẹ̀ á yí padà, á máa kùn. Kọ́ìlì tó jó máa ń jẹ́rìí sí ohun tó pa á, ẹ sì gbọ́dọ̀ wò ó kí wọ́n tó gé e dànù. Bí kọ́ìlì féèsì méjì bá dúdú bí èédú tí ti ẹ̀kẹta ṣì ń dán, mọ́tò tí ẹ so ní star pàdánù féèsì kan. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá dúdú tí méjì mọ́, delta ló pàdánù féèsì. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúdú yí ká bákan náà, ẹrù ló pọ̀ jù, tàbí fóòtì ló kéré, tàbí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé. Bí ojú kan ṣoṣo bá yọ́ nínú ihò irin, wáyà méjì ló fara kanra níbẹ̀. Ẹni tó bá san owó ríwáyà, ìyẹn títún kọ́ìlì ká, láìbéèrè èwo ló ṣẹlẹ̀ yóò tún san án. Irinṣẹ́ kékeré tó ń gé iná bí féèsì bá dín kò wọ́n tó ríwáyà kan.

Ti oníféèsì kan: bó bá ń kùn tí kò gbéra, kapásítọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń fura sí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gé iná, ẹ tú iná tó wà nínú rẹ̀ dànù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n kọ 40 µF sí tó ti wá sí ìsàlẹ̀ 36, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo wáyà pẹ̀lú. Mọ́tò 2 HP ń fa bí 9 A, tó bá ń gbéra ó lè tó 45. Ẹ fi wáyà 1.5 mm² fà á ní mítà 50 láti mítà ilé lọ sídìí kànga, ìdènà lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ 1.21 Ω. Lójú ìgbéra, fóòtì 54 ti jẹ dànù sínú wáyà. 176 ló dé ọ̀dọ̀ mọ́tò, agbára ìgbéra rẹ̀ sì ti wá sí bí 58%. Pẹ̀lú wáyà 4 mm², 21 péré ló máa sọnù. Wọ́n á ra kapásítọ̀ mẹ́ta tán kí wọ́n tó mọ̀ pé wáyà ni.

Tokunbo tó ti Amẹ́ríkà wá: bí ẹ bá rí 60 Hz, 1725 tàbí 3450 lára rẹ̀, ẹ dúró. Lórí 50 Hz wa, fóòtì tó yẹ fún un gbọ́dọ̀ dín kù sí ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà. Oní-230 V, 60 Hz, bí 192 ló yẹ kó gba níbí. Ẹ fún un ní 230, irin inú rẹ̀ á yó jù, á gbóná láìtilẹ̀ ṣiṣẹ́ kankan. Oní-460 V oníféèsì mẹ́ta sàn díẹ̀, torí 383 ló fẹ́, 400 wa kò jìnnà sí i, àmọ́ 7.5 HP tí wọ́n kọ ti di bí 6.2. Bó bá jẹ́ pọ́ńpù, gíga tó lè gbé omi dé á wá sí bí 69%, tánkì orí òkè lè má rí omi.

Ríwáyà tó dára kò dín efficiency kù ní ohun tí ẹ máa mọ̀. Èyí tí kò dára ń dín in kù títí ayé mọ́tò náà. Ibi méjì ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Èkíní ni iná tí wọ́n ń dá láti jó kọ́ìlì àtijọ́ kúrò: bí irin náà bá gbóná kọjá bí 350 sí 370°C, ohun tó ya irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn sọ́tọ̀ á jó, wọ́n á so pọ̀, irin fúnra rẹ̀ á sì di ààrò. Táyà tàbí pẹtiróòlù tí wọ́n sun sínú rẹ̀ kò mọ ibi tí 370 wà. Èkejì ni wáyà. Bó bá jẹ́ gauge 20 ni wọ́n bá níbẹ̀ tí wọ́n fi 21 ká a torí pé òun ló wà nílẹ̀, bàbà ti dín ní ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdènà sì ti fi 26 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ooru kọ́ìlì náà bákan náà. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìnípọn wáyà àtijọ́, kí wọ́n ka iye ìgbà tí wọ́n ká a, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú yín. Ẹ gbé kọ́ìlì àtijọ́ sórí ìwọ̀n. Tuntun kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ jù ú. Kí ẹ tó gbà á padà, kí wọ́n fi mẹ́gà 500 V, ẹ̀rọ tó ń wọn ìdènà, wọ̀n ọ́n láàárín kọ́ìlì àti irin ara mọ́tò. Bí kò bá tó 5 MΩ, ẹ má gbé e lọ.

Lẹ́búlẹ́bú pákó ní sọ́ọ̀mììlì, èèpo ìrẹsì, ìyẹ̀fun èlùbọ́: gbogbo wọn ń dí ihò ìbòrí fáànù ẹ̀yìn. IP55 kì í jẹ́ kí wọ́n wọ inú, kò sì lè ní kí wọ́n má bo ara. Ẹ máa gbá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ojoojúmọ́ lásìkò ìkórè. Ẹ má fi ọ̀dà ilé kun ara rẹ̀ léraléra, ẹ ń fi aṣọ òtútù bò ó ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé mọ́tò tuntun tàbí èyí tó ti ibi ríwáyà dé sórí ìjókòó, ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ tàn án, kí ẹ fi kíláǹpù mítà wọn ámpù wáyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ so bẹ́líìtì, ẹ gbé iṣẹ́ tó kún lé e, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ wọn fóòtì pẹ̀lú. Ẹ fi ọ̀dà kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítátà, pẹ̀lú déètì. Bí ámpù ọwọ́ òfo bá wá ju ti ọjọ́ yẹn lọ lórí fóòtì kan náà, irin tàbí kọ́ìlì ló ń bà jẹ́. Bó bá jẹ́ ti ẹrù kíkún nìkan ló lọ sókè, ẹ wo bẹ́ríǹgì, bẹ́líìtì tó le jù àti eyín ẹ̀rọ tó ti kú kí ẹ tó fẹ̀sùn kan mọ́tò. Bí wáyà kan bá yàtọ̀ sí méjì tó kù, ẹ lọ wọn fóòtì. Sára ògiri ni kí ẹ kọ ọ́ o, níbi tí ẹni tó ń tan ẹ̀rọ láràárọ̀ ti lè kà á, kì í ṣe sínú fóònù oníṣẹ́ iná.